Ara Ti Yá, Oògùn Kò Tíì Tó Fi Sílẹ̀: Ohun Tí Ìsoríkọ́ Tó Padà Wá Kọ́ Mi

Ìsoríkọ́ gbé mi ṣánlẹ̀ nígbà kan, mo dìde. Nígbà tó yá, ó tún padà wá. Mo rò pé ti àkọ́kọ́ ló le jù, àṣé ti ẹ̀ẹ̀kejì ló máa kọ́ mi lọ́gbọ́n, torí pé ìgbà tí oògùn ti ṣiṣẹ́, tí mo ti ń jẹun, tí mo ti ń bá èèyàn ṣeré, ló yọjú. Àwọn tó wà níbi tí mo wà nígbà náà ni mo ń kọ èyí fún: àwọn tí ara wọn ti yá, tí wọ́n ń wo páálí oògùn lórí tábìlì, tí wọ́n ń bi ara wọn pé kí ni wọ́n tún ń lò ó fún.

Kì í ṣe ẹkún ni tèmi fi bẹ̀rẹ̀. Orí ló kọ́kọ́ ń gbóná. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ láti àárín orí wá sí ẹ̀yìn ọrùn, etí ń hó, àyà ń já láìnídìí. Wọ́n tọ́jú ibà, wọ́n tọ́jú taifọ́ọ̀dù, wọ́n wo ìfúnpá, kò sí ohun tó yí padà. Àwọn àgbà ilé wa ní òde orí ni. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àròsọ. Dókítà Makanjuola kọ̀wé nípa òde orí nínú ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní 1987, ìsoríkọ́ àti àníyàn àpọ̀jù sì máa ń fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń dúró kí aláìsàn sọ pé “inú mi bà jẹ́” kó tó gbà pé ìsoríkọ́ ni, yóò pẹ́ kó tó rí i lọ́dọ̀ wa. Ara ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ohun mẹ́sàn-án ni dókítà máa ń wá. Kí inú bà jẹ́ lójoojúmọ́. Kí ohun tó ń wuni má wuni mọ́. Kí ìjẹun yí padà, kí oorun dàrú, kí ara máa lọ́ra tàbí kó má lè dúró jẹ́ẹ́, kó máa rẹni, kí èèyàn máa ka ara rẹ̀ sí aláìwúlò, kí ọkàn má lè dúró sójú kan, kí èrò ikú máa wọlé. Bí márùn-ún nínú wọn bá pé, tí wọ́n sì wà fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, tí ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́ sì wà nínú wọn, ìsoríkọ́ ni. Ohun tó dá mi lójú jù nínú tèmi ni oorun: aago mẹ́ta òru kọjá díẹ̀, ojú mi á là, kò ní padà sùn mọ́, àárọ̀ yẹn náà ni ọkàn mi sì máa ń wúwo jù.

Dókítà tó mọṣẹ́ kò ní kọ oògùn kó tó béèrè ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, torí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ àti ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́ra, lè mú àárẹ̀ àti ìrẹ̀wẹ̀sì wá bíi ti ìsoríkọ́ gan-an. Èkejì ni pé ṣé ìgbà kan wà rí tí èèyàn sùn wákàtí díẹ̀ péré fún ọjọ́ mélòó kan, tí agbára sì kún ara rẹ̀, tó ń náwó bí ẹni tí kò mọye, tó ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Bí irú ìgbà bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹ má fi bò. Oògùn ìsoríkọ́ nìkan lè ta irú ẹni bẹ́ẹ̀ sínú àìsàn tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oògùn mìíràn ló máa ń nílò.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ti gbé àgbo fún mi. Mo béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀: gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ wà níbẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ilé Yorùbá mọ ìtàn gbòǹgbò yìí. Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn oníṣègùn wa ti ń fi í pẹ̀tù sí ọkàn aláìsàn ọpọlọ tó ń jà, ó sì ń ṣiṣẹ́, torí pé ohun kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fún àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní reserpine yìí kan náà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yọ lára ìbátan asofẹ́yẹjẹ tó ń hù ní Íńdíà. Ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn àwọn kan nínú wọn wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1955, Bernard Brodie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn lára ẹranko pé reserpine máa ń tú serotonin, ohun tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, dànù kúrò nínú ọpọlọ. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni wọ́n rí i pé iproniazid, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ikọ́ ife, ń mú inú aláìsàn dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Òun kì í jẹ́ kí ara tètè ba serotonin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Oògùn kan kó o lọ, ọkàn rẹ̀wẹ̀sì. Òmíràn dá a dúró, ọkàn gbérí. Ibẹ̀ ni èrò pé àìtó serotonin ló ń fa ìsoríkọ́ ti ṣẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ìsoríkọ́ ń ṣe, tàbí tó ti ṣe rí, kò gbọ́dọ̀ mu asofẹ́yẹjẹ. Ó dára fún ẹni tí ara rẹ̀ kò rọ̀, kò dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Tí wọ́n bá gbé àgbo “orí” fún yín, ẹ béèrè gbòǹgbò tó wà nínú rẹ̀ lórúkọ.

Wọ́n sọ fún mi nílé ìwòsàn pé serotonin mi ló lọ sílẹ̀, pé oògùn máa gbé e sókè. Ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú, torí ó gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn mi: kì í ṣe àdúrà tí kò tó, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn náà ló padà ṣe mí ní jàǹbá. Bí nǹkan bá dín tí wọ́n sì ti bù ú kún, kí ló kù? Èèyàn á dúró ni. Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà yàtọ̀.

Inú ìfun ni nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 serotonin ara wa wà, níbi tó ti ń ran oúnjẹ lọ́wọ́ láti rìn. Èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò lè wọ inú ọpọlọ. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe tirẹ̀. Ohun tó fi ń ṣe é ni tryptophan, tó wà nínú ẹyin, ẹja, ẹran, ẹ̀wà, ẹ̀pà. Ara kò lè dá tryptophan ṣe, ẹnu ló ń gbà wọlé. Ẹ wá rí i pé kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan tó lè sọ iye serotonin tó wà nínú ọpọlọ yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ láti fi mọ̀ bóyá ẹ ní ìsoríkọ́, ẹ fi owó yín pa mọ́ sápò.

Bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan máa ń tú serotonin jáde sí àárín òun àti èkejì, á sì tún fà á padà láti ẹnu ọ̀nà kékeré kan tó ní fún iṣẹ́ yẹn. Fluoxetine, sertraline, citalopram àti paroxetine máa ń dí ẹnu ọ̀nà ìfàpadà yìí, kí serotonin lè pẹ́ níta. Láàárín wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí èèyàn gbé oògùn mì ni ẹnu ọ̀nà ti dí. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni ọkàn máa ń tó gbérí, nígbà mìíràn ó máa ń tó mẹ́fà. Bó bá jẹ́ pé àìtó serotonin nìkan ni àìsàn náà, ọjọ́ kejì ló yẹ kí ara yá. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni pé ọpọlọ ń tún ara rẹ̀ tò. Catherine Harmer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi hàn pé ohun tó tètè yí padà ni bí èèyàn ṣe ń ka ojú ẹlòmíràn: ojú tí a ti ń rí bíi pé ó ń bínú síni máa ń rọ̀ kí inú fúnra rẹ̀ tó dùn.

Ní 2022, Joanna Moncrieff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London kó ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún jọ, wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin pé serotonin tó kéré ló ń fa ìsoríkọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ èyí, wọ́n ní oògùn kò wúlò nìyẹn. Ohun tí ìwádìí yẹn wò kọ́ nìyẹn. Èyí tó wo oògùn ni èyí tí Andrea Cipriani darí ní 2018: ìdánwò 522, àwọn èèyàn tó lé ní 116,000, oògùn 21, gbogbo wọn ló ṣiṣẹ́ ju hóró tí kò ní oògùn nínú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ náà kò pọ̀ lọ títí. Parasitamọ́ọ̀lù ń lé ẹ̀fọ́rí lọ, ẹ̀fọ́rí kì í sì í ṣe àìtó parasitamọ́ọ̀lù.

Ṣùgbọ́n ìwádìí tó fọwọ́ kàn mí jù lọ ni èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Oxford ní 1997. Wọ́n kó obìnrin 15 jọ tí ìsoríkọ́ ti ṣe rí, tí ara wọn ti yá dáadáa, tí wọn kò lo oògùn kankan mọ́. Wọ́n fún wọn ní ohun mímu tí gbogbo ohun tí ara fi ń mọ ẹran ara wà nínú rẹ̀ àfi tryptophan. Irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí tryptophan inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, serotonin inú ọpọlọ náà á sì dín. Mẹ́wàá nínú àwọn 15 náà ni àmì ìsoríkọ́ tún hàn lára wọn lọ́jọ́ yẹn, ó sì kọjá lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n mu èyí tó ní tryptophan, kò sí ohun tó ṣe ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá fún ẹni tí ìsoríkọ́ kò ṣe rí ní ohun mímu kan náà, ó sábà máa ń lọ láìsí nǹkan kan. Pedro Delgado àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí ohun tó jọ èyí ní Amẹ́ríkà ní 1990 lára àwọn tí oògùn ìsoríkọ́ ti wò sàn.

Mo jókòó ti èyí pẹ́. Ohun tó sọ ni pé serotonin tó dín kò tó láti dá ìsoríkọ́ sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní in rí. Ṣùgbọ́n lára ẹni tó ti ní in, ojú ọgbẹ́ ṣì rọ̀ lẹ́yìn tí ara ti yá. Ohun tó kéré lè ṣí i. Ìdí tí mo fi ń lo oògùn nìyẹn lẹ́yìn tí inú mi ti dùn. Ká ní wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ báyìí fún mi níbẹ̀rẹ̀, ì bá yé mi pé àsìkò tí ara yá ni wọ́n ń fi oògùn ṣọ́.

Sertraline 50 mílígíráàmù ni mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá: inú á máa rú, ìgbẹ́ á máa ṣàn díẹ̀, orí á fọ́, ara á máa gbọ̀n. Ìfun tí serotonin pọ̀ sí ló ń bínú, ó sì máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ẹ lò ó. Bó bá ń lé oorun lọ, ẹ lò ó láàárọ̀. Bó bá ń kun yín lóorun, ẹ lò ó lálẹ́. Ohun tí àwọn tọkọtaya kì í fẹ́ sọ ni pé ìbálòpọ̀ lè yí padà: ìfẹ́ á dín, ó sì lè pẹ́ kí èèyàn tó dé òpin adùn. Èyí kì í sábà lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà lè dín ìwọ̀n kù tàbí kó pààrọ̀ oògùn. Ẹ sọ fún un. Mo mọ̀ pé ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí ti mú ọ̀pọ̀ ọkùnrin fi oògùn sílẹ̀ láìsọ ìdí.

Ẹni tí kò tíì pé ọdún 25 ni kí ẹ ṣọ́ jù ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, torí pé èrò ìgbẹ̀mí-ara-ẹni lè pọ̀ sí i kó tó rọlẹ̀. Agbára láti dìde máa ń tètè padà ju ìrètí lọ. Bó bá jẹ́ amitriptyline ni wọ́n kọ, èyí tó pọ̀ ní ọjà wa tó sì rọjú, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn nínú ilé máa tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì máa rà á díẹ̀díẹ̀. Àlòjù rẹ̀ lè dá ọkàn tó ń lù dúró. Bí èrò ikú bá ti ní ètò nínú, tí ẹni náà ti ń pín ẹrù rẹ̀ tàbí tó ti ń wá ohun tó fẹ́ lò, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH Ìbàdàn àti nílé ìwòsàn ńlá Ifẹ̀. Arò ní Abẹ́òkúta àti Yábàá ní Èkó náà ń gba èèyàn.

Tramadol ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn gidigidi. Ó kún ìgboro wa, àwọn kan ń lò ó fún ara ríro, àwọn kan fún agbára. Tramadol náà ń dí ẹnu ọ̀nà ìfàpadà serotonin. Bó bá pàdé sertraline tàbí fluoxetine lára, serotonin lè pọ̀ kọjá àlà: ara á máa gbóná, òógùn á máa yọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa já pàtìpàtì, ìgbẹ́ gbuuru, ọkàn tí kò balẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò gún. Gìrì náà lè gbé èèyàn. Ohun pàjáwìrì ni, kì í ṣe ibà. Oògùn ikọ́ tó ní dextromethorphan nínú náà lè fa irú rẹ̀, nítorí náà ẹ máa ka ara ìgò. Àwọn oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac kò fa ìyẹn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pàdé oògùn ìsoríkọ́ wọ̀nyí, inú lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú kí ó ṣọ́ra jù. Parasitamọ́ọ̀lù kò léwu pẹ̀lú wọn ní ìwọ̀n tó yẹ.

Ara mi yá. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, owó oògùn gbówó lórí, ilé ìtajà tí mo ti ń rà á ní kò sí lórí àtẹ, àwọn ará ilé sì ń sọ pé ìgbà tí mo ti ń rẹ́rìn-ín, kí ni mo tún ń gbé oògùn mì sí. Oògùn náà dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, orí bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Mo fẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa, torí pé ẹ̀rù máa ń ba ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí mo bá yí ojú láti apá ọ̀tún sí apá òsì, nǹkan kan á kọjá lọ́pọlọ bíi kí iná mànàmáná ta èèyàn, á ṣe “tsss”, ayé á ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì lọ. Ìgbà tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ló máa ń le jù. Òòyì ń kọ́ mi, àlá tó hàn ketekete ń jí mi lóru, inú ń bí mi sí ohun tí kò tó nǹkan. Mo ní àìsàn náà ti padà dé. Kò tíì padà. Ìjáwọ́ oògùn lójijì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nìyí. Ti ìjáwọ́ oògùn máa ń dé láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó máa ń ní ohun tí ìsoríkọ́ kò ní, bíi títa orí àti òòyì, bí wọ́n bá sì dá oògùn padà, á rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìsoríkọ́ tó ń padà kì í sáré. Ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù ló máa ń gbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún, ó sì máa ń gba ojú ọ̀nà tó gbà tẹ́lẹ̀. Paroxetine ló máa ń fa wàhálà ìjáwọ́ jù nínú wọn torí pé ó máa ń tètè jáde lára. Fluoxetine ló fa tirẹ̀ kéré jù, torí pé òun àti ohun tí ara sọ ọ́ dà máa ń pẹ́ lára fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Títa orí lọ. Mo ní mo ti bọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ojú mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í là ní aago mẹ́ta òru.

Àwọn nọ́ńbà tí ì bá ràn mí lọ́wọ́ wà níta tipẹ́. Ní 2003, John Geddes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìdánwò 31 jọ, àwọn tó lé ní 4,400 èèyàn: nínú àwọn tí wọ́n pààrọ̀ oògùn wọn sí hóró lásán lẹ́yìn tí ara ti yá, 41 nínú 100 ni àìsàn padà sí lára, nínú àwọn tó ń bá oògùn lọ, 18 ni. Ní 2021, ìwádìí kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọ àwọn 478 tó ti ń lo oògùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n sì rò pé àwọn lè fi í sílẹ̀. Láàárín ọdún kan, 56 nínú 100 àwọn tó fi í sílẹ̀ ló tún ṣubú. Nínú àwọn tó ń bá a lọ, 39 ni. Ẹ wo nọ́ńbà kejì yẹn náà. Oògùn kì í ṣe odi. Ó ń dín ewu kù ni. Àti pé nǹkan bí 44 nínú 100 fi í sílẹ̀, nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa lò ó títí ayé.

Ta ló wá yẹ kó pẹ́ lórí oògùn? Ìgbà tí àìsàn ti ṣe èèyàn rí ló ń ka ewu jù: lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan, bí ìdajì èèyàn ló máa tún rí i, bó ṣe ń padà sí i ni ewu ń pọ̀ sí i. Ohun kejì, tí mo gbà pé a kì í kà sí tó, ni àmì tó ṣẹ́kù. Eugene Paykel rí i ní Cambridge ní 1995 pé nínú àwọn tí ara wọn yá ṣùgbọ́n tí àmì díẹ̀ ṣì ṣẹ́kù, 76 nínú 100 ló tún ṣubú láàárín oṣù mẹ́wàá. Nínú àwọn tí kò ku nǹkan kan lára wọn, 25 ni. Oorun tí kò tíì gún, àárẹ̀ tí kò tíì tán, kí èèyàn máa yẹra fún ìpàdé ẹbí: ẹ má pe ìyẹn ní ara yíyá. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ó lè gbé ìwọ̀n oògùn sókè.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí èèyàn bá oògùn lọ fún oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá lẹ́yìn tí àmì ti tán. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ọdún méjì fún ẹni tí ewu rẹ̀ ga. Ọjọ́ tí ara yá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù náà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ ra oògùn.

Nígbà tó bá tó àkókò láti dín in, bí a ṣe ń dín in ṣe kókó. Jeffrey Meyer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto ya àwòrán ọpọlọ ní 2004, wọ́n rí i pé ìwọ̀n tó kéré jù tí àwọn dókítà sábà máa ń fúnni, bíi sertraline 50 tàbí citalopram 20 mílígíráàmù, ti ń dí nǹkan bí 80 nínú 100 ẹnu ọ̀nà ìfàpadà. Ẹ wá wo citalopram. Láti 20 sí nǹkan bíi 9 mílígíráàmù, ohun tó ṣí kò ju 10 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bíi 3 mílígíráàmù sí òdo, 50 nínú 100 ló ṣí lẹ́ẹ̀kan. Mark Horowitz àti David Taylor kọ èyí sílẹ̀ ní 2019, wọ́n sì ní ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dín oògùn kù sí ìdajì láìsí wàhálà, tí ìṣubú sì ń dé nígbà tí wọ́n bá fo ìdajì tó kù. Ìsàlẹ̀ ló yẹ kí ẹsẹ̀ ti kúrú jù.

Fún ẹni tó ń lo sertraline 50, èyí lè jẹ́ 25 fún oṣù kan, lẹ́yìn náà 12.5, lẹ́yìn náà ìdajì ìyẹn, kó tó dúró, kí dókítà máa wo bí ara ṣe gbà á kó tó tún sọ̀kalẹ̀. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń gé oògùn. Ọ̀bẹ ìdáná máa ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, apá kan á tóbi ju èkejì lọ. Kápúsù kò ṣeé gé, èyí tí wọ́n ṣe láti máa tú díẹ̀díẹ̀ lára kò sì ṣeé fọ́. Ẹ béèrè olómi lọ́wọ́ apoògùn. Ẹ má máa lo oògùn lọ́jọ́ kan kí ẹ fò ó lọ́jọ́ kejì láti fi dín in, ìwọ̀n inú ẹ̀jẹ̀ á kàn máa gòkè sọ̀kalẹ̀ ni. Bí títa orí bá dé, ẹ padà sí ìwọ̀n tó ṣáájú, kí ẹ dúró níbẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní ọdún ìsìnkú, ìbímọ, tàbí ìgbà tí iṣẹ́ bọ́.

Nínú ààwẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni a ń lo àwọn oògùn wọ̀nyí, nítorí náà ó ṣeé lò nígbà sààrì tàbí lẹ́yìn ìṣínu láìfò ọjọ́ kan. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta láìfẹnu kan omi ni kí ẹ bá pásítọ̀ yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Èmi kì í ṣe é mọ́.

Oògùn nìkan kọ́ ló ń dá àìsàn dúró. Ìwádìí Willem Kuyken ní 2015, láàárín àwọn 424 tí ìsoríkọ́ ti ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fi hàn pé ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ tó ń kọ́ni láti rí èrò kí èrò tó fani lọ, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n rọra ń dín kù, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí oògùn àlòtúnlò láàárín ọdún méjì: 44 nínú 100 ló ṣubú níbí, 47 lọ́hùn-ún. Èmi kò rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí. Mo rí ẹni tó mọ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì kọ́ mi láti kọ èrò òwúrọ̀ sílẹ̀ kí n tó gbà á gbọ́.

Ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń díwọ̀n ìsoríkọ́, tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, wà nínú ìwé àjákọ mi. Òdo sí mẹ́ta ni ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ kò lè kọjá 27. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú kejì ni mo ń ṣe é. Bó bá wà lábẹ́ 5, mo ń lọ. Bó bá gun 10, mo ń pe dókítà láìdúró de ọjọ́ ìpàdé. Ìyàwó mi náà ní ohun méjì tó ń ṣọ́, torí pé òun ló kọ́kọ́ rí wọn nígbà kejì: kí n má dá ìpè padà, àti kí n jí ṣáájú aago mẹ́rin ní òru mẹ́ta léraléra. Bó bá rí méjèèjì, ó láṣẹ láti pe ilé ìwòsàn láìbi mí.

Ní ti oògùn fúnra rẹ̀, mo máa ń ra òmíràn nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì ṣì kù nílé, mo ń wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́, mo sì ní kí dókítà kọ orúkọ oògùn gan-an dípò orúkọ ilé iṣẹ́, kí apoògùn lè fún mi ní èyí tó rọjú. Bí sertraline bá wọ́n pátápátá, fluoxetine sábà máa ń wà, dókítà ló sì máa sọ bí a ṣe ń kọjá láti ọ̀kan sí èkejì. Ní báyìí, mo ṣì wà lórí ìwọ̀n mi. Èmi àti dókítà ti fẹnu kò pé tí ọdún méjì bá pé tí PHQ-9 kò kúrò lábẹ́ 5, a máa jókòó wo ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ sísàlẹ̀.